Ẹyin Arìnrìn-àjò: Ìtàn Ẹyin Ìsàba ní Ìlú Douala

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n kò ní lè bá ọ̀rọ̀ ẹnu wí bí kì í bá ṣe pé tọmọdé tàgbà ló ti mọ irú ohun tí ẹyin jẹ́: ohun ẹlẹgẹ́ tí a kì í fi rin ìrìn àjò tó jìn. Ibi tí adìẹ bá yé sí náà ni ó ń sàba sí, ibẹ̀ náà ni ó sì ń pamọ sí. Ẹni tí irú adìẹ ará ìlú mìíràn bá wù, adìẹ ààyè ni ó rọrùn fún un láti gbé wá sílé.

Síbẹ̀, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀, ẹyin ti di arìnrìn-àjò. Ní Douala, ìlú èbúté tí ó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ẹyin tí adìẹ yé ní Yúróòpù a máa ti inú ọkọ̀ òfurufú bọ́ sílẹ̀ nínú páálí. Bí a bá gbé e sínú ẹ̀rọ, ní ọjọ́ kọkànlélógún, ó di òròmọdìẹ tí a ó máa pè ní adìẹ Kamẹrúùnù. Ìtàn bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀ ni ó wà níhìn-ín, àti ohun tí ìtàn náà kọ́ni. Ẹyin lè la òkun kọjá, ṣùgbọ́n kì í já okùn tí ó so ó mọ́ ibi tí a ti yé e. Orílẹ̀-èdè tí ó bá ń ti inú ẹyin àjò rí adìẹ jẹ, ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ ilé adìẹ rẹ̀ wà.

Bí ẹyin ṣe di ẹrù ilé ìfìwéránṣẹ́

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni èdè Yorùbá fi ṣe àlàyé iṣẹ́ àgbébọ̀ lórí ẹyin. Adìẹ a yé ẹyin, a sàba lé e, a sì pa á, òròmọdìẹ a jáde. Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, adìẹ kan náà ni ó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ẹ̀rọ asàba ṣe ni pé ó ya yíyé sọ́tọ̀ kúrò lára sísàba. Ẹni tí ó yé kọ́ ni ó ń sàba mọ́, ibi tí a ti yé e kọ́ ni a sì ti ń pa á.

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Aristotle, onímọ̀ ará Gíríìkì tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù, ti mẹ́nu bà á pé àwọn ará Íjíbítì máa ń ri ẹyin mọ́ inú ìgbẹ́ ẹran, tí ooru ibẹ̀ yóò sì pa á láìsí adìẹ lórí rẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n kọ́ ààrò amọ̀ ńláńlá tí ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọdún 1749, onímọ̀ ilẹ̀ Faransé, Réaumur, tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe lè fi ooru àtọwọ́dá pa ẹyin. Ní ọdún 1881, Charles Hearson ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣe ẹ̀rọ kan tí ń díwọ̀n ooru ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ asàba ti di ohun tí ọlọ́sìn adìẹ lásán lè gbé sí yàrá kí ó sì fi ọkàn balẹ̀ sùn lóru.

Àkókò yìí gan-an ni ilé ìfìwéránṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1883, Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì ọdún 1913. Àwọn ọlọ́sìn adìẹ tètè rí àǹfààní inú rẹ̀. Ìsàba-ìsàba ni wọ́n ń ta ẹyin. Ìsàba kan sábà máa ń jẹ́ ẹyin 13, èyí tí ìyẹ́ àgbébọ̀ kan lè bò láìku ẹyọ kan síta. Ẹni tí ó wà ní abúlé tó jìn lè ti ipa bẹ́ẹ̀ ní irú adìẹ tí kò fi ojú rí rí.

Òròmọdìẹ pàápàá di ẹrù. Ní ọdún 1892, Joseph Wilson, ọlọ́sìn adìẹ ní ìpínlẹ̀ New Jersey, fi ọkọ̀ ojú irin kó òròmọdìẹ ọjọ́ kan ránṣẹ́ sí ìlú Chicago. Ní ọdún 1918, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà gbà láti máa gbé wọn. Ohun tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé, kí òròmọdìẹ tó jáde, ó ti fa ìyókù pupa ẹyin sínú ikùn rẹ̀. Oúnjẹ àjò rẹ̀ nìyẹn, ó sì lè gbé e ró fún bí ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu.

Ọgbọ́n mìíràn ni ẹyin fi ń rìn ní tirẹ̀. Nígbà tí adìẹ bá yé ẹyin tí àkùkọ ti gùn, ọlẹ̀ inú rẹ̀ ti ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì. Bí ẹyin náà bá ti tutù, ọlẹ̀ yóò sùn lọ. Kò kú, kò sì dàgbà. Bí a bá gbé e sí ibi tí ooru rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí dígírì 15 sí 18, ó lè sùn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìsí ìpalára tó pọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ojoojúmọ́ ni iye tí yóò pa nínú wọn ń dín kù. Bí ó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, àdánù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jọjọ. Ẹyin ìsàba dà bí lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń pẹ́ lójú ọ̀nà.

Jìgìjìgì ọ̀nà náà tún wà níbẹ̀. Ní ìdí ẹyin, níbi tí ó ti tóbi, àlàfo afẹ́fẹ́ kan wà láàárín awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. Bí ẹyin bá gbọn jù, àlàfo náà lè ṣí kúrò ní ààyè rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba ẹyin àjò kì í sáré gbé e sínú ẹ̀rọ. Yóò kọ́kọ́ to ó kalẹ̀ pẹ̀lú orí tí ó ṣóńṣó nísàlẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ó sinmi fún bí ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni yóò fún un ní ooru dígírì 37 àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tí yóò sì máa yí i lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ kejìdínlógún. Ní bí ọjọ́ keje, yóò gbé ẹyin síwájú iná nínú òkùnkùn. Èyí tí ó bá yè yóò fi iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn bí gbòǹgbò igi. Èyí tí ó bá mọ́ gaara, òfo ni.

Douala: ilẹ̀ ooru, ilẹ̀ òjò

Ẹnu odò Wouri ni Douala tẹ̀dó sí. Ní oṣù Júláì ọdún 1884 ni àwọn ọba Duala, àwọn tí wọ́n jẹ́ ìran Bell àti Akwa, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ará Jámánì. Ní ọdún 1887, ilé ìfìwéránṣẹ́ Jámánì ti ṣí níbẹ̀. Lẹ́tà àti ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ ojú omi láti Hamburg wá. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò náà ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú ooru ilẹ̀ olóoru ni ọkọ̀ sì ń gbà parí rẹ̀. Bí a bá fi ìmọ̀ ìṣẹ̀dá ẹyin wò ó, ẹyin tí ó bá bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé yóò ti sọ ẹ̀mí nù lójú ọ̀nà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n ẹyin kò tíì lè gbà á. Ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú sọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di òru ọjọ́ kan ni ọ̀nà ṣí.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ náà kò ní adìẹ tirẹ̀. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí adìẹ ti wà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lẹ́yìn tí ó ti Éṣíà wá. Ní Kamẹrúùnù gẹ́gẹ́ bí i nílẹ̀ Yorùbá, adìẹ ìbílẹ̀ a máa fúnra rẹ̀ wá oúnjẹ, a fúnra rẹ̀ sàba, a sì fúnra rẹ̀ dáàbò bo ọmọ. Ìtàn ìṣẹ̀dá tí a ń sọ ní Ilé-Ifẹ̀ tilẹ̀ fi adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ṣe ẹni tí ó tan ilẹ̀ ayé ká. Adìẹ òkèèrè tí wọ́n wá kó dé, èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní adìẹ àgíríìkì, yàtọ̀ sí èyí. A ti ṣà á lẹ́ṣà títí ó fi gbàgbé sísàba pátápátá. Ó ń yé, ṣùgbọ́n kì í jókòó. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, ìran rẹ̀ parẹ́ nìyẹn.

Ojú ọjọ́ Douala kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹyin àjò. Ooru ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí dígírì 26 tàbí 27 lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún. Ìwọ̀n yìí pọ̀ ju èyí tí ọlẹ̀ fi ń sùn lọ, kò sì tó èyí tí ó fi ń dàgbà. Bí páálí ẹyin bá pẹ́ ní ilé ẹrù pápákọ̀ òfurufú nítorí ìwé tí kò pé tàbí owó ibodè tí a kò tíì san, ọlẹ̀ inú rẹ̀ yóò jí ní ìdajì. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà gọ́tagọ̀ta, yóò sì kú kí ó tó dé inú ẹ̀rọ. Àwọn dókítà ẹran ìjọba ń yẹ ìwé wò, àwọn aṣọ́bodè náà ń yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ tó yẹ ni iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ọlẹ̀ kò mọ òfin ibodè.

Òjò tún wà níbẹ̀. Ó ju 3,500 mílímítà òjò lọ tí ń rọ̀ ní Douala lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹyin gbọ́dọ̀ pàdánù omi kí ó tó lè pa. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tíntìntín ni ó wà lára èèpo rẹ̀, ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde bí afẹ́fẹ́ ti ń gbà wọlé. Kí ó tó di ọjọ́ kejìdínlógún, ó yẹ kí ẹyin ti pàdánù nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Nínú yàrá tí ọ̀rinrin ti pọ̀ jù, omi náà kì í jáde tán. Àlàfo afẹ́fẹ́ yóò kéré, òròmọdìẹ kò sì ní rí ibi tí yóò ti mí èémí àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ń sàba ní aṣálẹ̀ ń wá omi fún ẹyin rẹ̀; ẹni tí ó ń sàba ní Douala ń lé omi jáde.

Iná mànàmáná ni ìṣòro kẹta. Odò Sanaga ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ iná ìhà gúúsù Kamẹrúùnù jáde, láti ibùdó Edéa tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950 àti ti Song Loulou tí ó tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1980. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò a fà, iná a sì máa ṣẹ́jú. Wákàtí díẹ̀ láìsí iná kò ní kí onílé kú, ṣùgbọ́n ó tó láti ba iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kànlélógún jẹ́. Nítorí náà, kò sí ilé ìsàba tí ó lè dúró láìní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, owó epo rẹ̀ a sì wà lórí iye tí wọ́n ń ta òròmọdìẹ kọ̀ọ̀kan.

Ẹran dídì àti ọdún 2006

Ohun tí ó sọ ẹyin ìsàba di ọ̀rọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè ni ìjà lórí ẹran adìẹ dídì. Kamẹrúùnù wọ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ní ọdún 1995. Kò pẹ́ tí ẹran adìẹ dídì láti Yúróòpù fi kún èbúté Douala. Itan àti ìyẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí pé ẹran àyà ni àwọn ará Yúróòpù fẹ́ràn, wọ́n sì ń ta ìyókù ní ọ̀pọ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ohun tí ń wọlé lọ́dún kò ju nǹkan bí 1,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ní ọdún 2003, ó ti lé ní 20,000.

Ọlọ́sìn adìẹ inú ilé kò lè ta tirẹ̀ ní iye tí wọ́n ń ta ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ti ilé adìẹ wọn pa. Ìlera àwọn ènìyàn náà wà nínú ewu, nítorí pé ẹran tí ó dì nínú ọkọ̀ ojú omi a máa yọ́ lórí káńtà ọjà, a tún dì, a tún yọ́. Ní ọdún 2004, ẹgbẹ́ aráàlú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ACDIC, tí Bernard Njonga jẹ́ olórí rẹ̀, gbé ìjà náà dé etí gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 2006, ìjọba ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹran adìẹ dídì.

Ìṣẹ́gun gidi ni èyí. Ilé adìẹ tún ṣí ní agbègbè Douala, ní Yaoundé, àti ní òkè Bafoussam níbi tí ojú ọjọ́ ti tutù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wo ibi tí òròmọdìẹ ti ń wá yóò rí i pé ọ̀nà kan ni ó pa, òmíràn sì là. Òkú adìẹ kò gba Douala wọlé mọ́, ẹyin ààyè ni ó ń gbà á. Àwọn ilé ìsàba ń ra ẹyin ìsàba, wọ́n sì ń ra adìẹ òbí tí ó jẹ́ òròmọdìẹ ọjọ́ kan, kí wọ́n lè tọ́ ọ dàgbà, kí ó sì yé ẹyin fún wọn. Méjèèjì ló ń ti òkèèrè wá. Ní òkèèrè náà, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ díẹ̀ ni ìran adìẹ wà. Aviagen àti Cobb ni ó ni ọ̀pọ̀ jù nínú ìran adìẹ bróílà tí ayé ń jẹ. Ọmọ bróílà kì í sì í jọ òbí rẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá mú àkùkọ àti abo nínú èyí tí ó rà, tí ó jẹ́ kí wọ́n yé, ohun tí yóò pa kò ní dára tó èyí tí ó rà. Ó di dandan kí ó padà lọ rà.

Nígbà tí ilẹ̀kùn Yúróòpù tì

Ọdún 2006 yẹn kan náà ni àrùn H5N1, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní lùkúlùkú adìẹ, wọ Áfíríkà. Ìpínlẹ̀ Kàdúná ní Nàìjíríà ni a ti kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní oṣù Fẹ́búárì. Ní oṣù Máàṣì, ó dé Maroua ní àríwá Kamẹrúùnù. Ní ọdún 2016, ó tún yọjú ní ọgbà adìẹ Mvog-Betsi ní Yaoundé, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó múlé gbè é sì dá rírà adìẹ Kamẹrúùnù dúró. Nígbà wọ̀nyí, inú ilé ni ewu wà, àwọn aráàlú sì lè fi ojú rí i.

Èyí tí ó dé lẹ́yìn náà yàtọ̀. Ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà dín ọkọ̀ òfurufú kù. Ní ìparí ọdún náà, lùkúlùkú bẹ́ sílẹ̀ ní Họ́láńdì, Bẹ́ljíọ̀m àti Faransé. Nígbà tí ó padà ní ọdún 2021 sí 2022, Faransé nìkan pa adìẹ àti pẹ́pẹ́yẹ tí ó ju mílíọ̀nù 20 lọ. Kamẹrúùnù dá ẹyin ìsàba àti adìẹ òbí láti àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn náà wọ̀ dúró. Ohun tí ó tọ́ ni ìjọba ṣe, nítorí pé àrùn lè tẹ̀ lé adìẹ. Síbẹ̀, ní ọdún 2021, òròmọdìẹ wọ́n ní Douala, adìẹ sì gbówó lórí ní ọjà, bẹ́ẹ̀ ni adìẹ kan kò sì ṣàìsàn ní ilé àwọn tí ń sunkún.

Ìṣirò àkókò ni ó ṣe àlàyé rẹ̀. Bí ẹyin ìsàba bá dúró lónìí, òròmọdìẹ yóò wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹran yóò sì wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, nítorí pé nǹkan bí ọjọ́ 45 ni bróílà fi ń tó ó pa. Bí adìẹ òbí bá dúró, ìyà náà kì í tètè hàn. Àwọn òbí tí ó wà nílẹ̀ ṣì ń yé, gbogbo ènìyàn á sì rò pé ewu ti kọjá. Ṣùgbọ́n adìẹ òbí kan ń fúnni ní òròmọdìẹ bí 140 ní gbogbo ayé rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan tí kò wọlé ti di òròmọdìẹ 140,000 tí kò ní sí lọ́jọ́ iwájú. Bí ilẹ̀kùn bá sì padà ṣí, òbí tuntun yóò dàgbà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 25 kí ó tó yé, ẹyin rẹ̀ yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ rẹ̀ yóò gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó tó oṣù mẹ́jọ láti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí sí ọjọ́ tí ẹran dé inú ìkòkò ọbẹ̀.

Nígbà náà ni òwe àwọn àgbà wá sí ìrántí: adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ìjọba tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn ń bẹ̀rù àrùn. Bí ó bá tì í, ó ń bẹ̀rù ọ̀wọ́n. Àgbẹ̀ tí ó ti tọrọ owó kọ́ ilé adìẹ ń wo òfìfo ilé, gbèsè sì ń dàgbà nínú rẹ̀ dípò òròmọdìẹ.

Àgbálọgbábọ̀

Kì í ṣe ohun tí ó bójú mu kí a fi ẹyin àjò bú. Òun ni ó jẹ́ kí tálákà ìlú Douala rí adìẹ jẹ ní iye tí apá rẹ̀ ká. Adìẹ ìbílẹ̀ nìkan kò lè ṣe é, nítorí pé oṣù bíi mélòó kan ni ó fi ń tóbi, ẹyin rẹ̀ lọ́dún kò sì sábà tó ìdá mẹ́rin ti adìẹ àgíríìkì. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí arìnrìn-àjò kò ní: ó mọ ooru àti òjò ilẹ̀ rẹ̀, ó lè sàba láìsí iná mànàmáná, ilẹ̀kùn ẹnìkan kò sì lè tì mọ́ ọn.

Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì. Ní Fásitì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa adìẹ ìbílẹ̀ Nàìjíríà lẹ́ṣà, títí tí a fi forúkọ ìran adìẹ FUNAAB Alpha sílẹ̀ ní ọdún 2018. Ní Kamẹrúùnù, àwọn olùwádìí Fásitì Dschang náà ti ń ṣe ìwádìí lórí adìẹ abúlé ilẹ̀ wọn. Iṣẹ́ tí kì í yá ni iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì ní dá ẹyin òkèèrè dúró lọ́la. Ohun tí yóò ṣe ni pé, ní ọjọ́ tí àrùn bá tún ti ilẹ̀kùn Yúróòpù, àgbẹ̀ Douala yóò rí ẹyin mìíràn gbé sínú ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọdún 2006 fi hàn pé aráàlú lè dìde kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ òkú adìẹ. Ọdún 2021 fi hàn pé apá kejì iṣẹ́ náà ṣì wà nílẹ̀. Yorùbá ní ẹyin ní í di àkùkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àkùkọ kọ ní àgbàlá òun ní òwúrọ̀, kí ó bèèrè ẹni tí ó ni àgbébọ̀ tí ó yé e.